Ṣaworo Ọwọ́ Màmá: Ọjọ́ Mẹ́fà Wa ní Orlando

Sátidé, ọjọ́ kìíní

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la gbéra ní Atlanta. Máìlì bíi 440 ló wà láàárín ibẹ̀ àti Orlando, I-75 lẹ máa tọ̀ wọ Florida kẹ́ ẹ tó bọ́ sí Turnpike, ká ṣáà sọ pé wákàtí méje bí ọmọ ò bá ní kẹ́ ẹ dúró kí òun tọ̀, wákàtí mẹ́sàn-án bó bá jẹ́ ọmọ tèmi. Dáddy wọn ló wakọ̀. Èmi gbé kúlà sáàárín ẹsẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín ló wà nínú ẹ̀, torí mi ò lè máa ra bọ́gà fún èèyàn márùn-ún látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Màmá ọkọ mi wà lẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ méjèèjì, èyí obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ méje. Oṣù Karùn-ún ni Màmá dé láti Abẹ́òkúta, oṣù Keje 2023 la sì wà yìí, wọn ò tíì rí nǹkan kan ní Amẹ́ríkà ju ṣọ́ọ̀ṣì, Walmart àti ilé wa lọ. Ìyẹn la ṣe ní ká gbé wọn jáde lọ sí àwọn pápá ìgbafẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Disney àti Universal ní ní Orlando.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni àwọn báńdì ọwọ́ wa ti dé sílé nínú páálí. MagicBand+ lorúkọ ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni Disney ń fún ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì wọn ní báńdì, àmọ́ látìgbà tí 2021 ti wọlé, ọ̀fẹ́ ti tán, rírà ni. Èyí tó ní plus lẹ́yìn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní July 2022 ni, ó ń tan iná, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́, ẹ sì ní láti máa ṣáàjì ẹ̀ bíi fóònù, nǹkan bíi dọ́là 35 la ra ti pọ́ọ́kú. Mo ra mẹ́rin. Dáddy wọn ní òun ò ní wọ nǹkan kan, pé áàpù tó wà lórí fóònù òun tó òun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe o. Àwọn tó mọ inú nǹkan wọ̀nyí ló ń sá fún un jù, àbí èmi nìkan ni mo rí i bẹ́ẹ̀?

Valdosta la ti dúró ra epo, ibẹ̀ ni mo ti so tiẹ̀ mọ́ Màmá lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Ìyàwó mi, kí lèyí wà fún?"

Mo ní òun ló máa ṣílẹ̀kùn yàrá, òun lẹ máa fi wọ géètì, òun lẹ máa fi rajà, òun náà ló máa mọ ibi tẹ́ ẹ dé nínú pápá yẹn. Màmá dá mi dúró.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣaworo ni. Láyé ìyá mi, ọmọ tí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé ó fẹ́ padà lọ ni wọ́n ń so ṣaworo mọ́ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè máa gbúròó ibi tó bá rìn sí. Àwọn òyìnbó wá so tiwọn mọ́ arúgbó lọ́wọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Dáddy wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn dáa, àmọ́ kì í ṣe àwa la máa gbúròó ṣaworo yẹn o. Àwọn tó ni pápá ni."

Òótọ́ sì ni. Mo ti rò pé bí ọmọ bá rìn lọ, màá kàn wo fóònù kí n rí i. Irọ́ ni, báńdì yẹn kì í sọ fún òbí pé ọmọ wà níbí.

A dé òtẹ́ẹ̀lì Pop Century lọ́sàn-án. Ibi táa ti gbádùn jù lọ́jọ́ yẹn ni ẹnu ọ̀nà yàrá. Màmá fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, iná aláwọ̀ ewé tàn, kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀ dún kẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n tì í padà. Wọ́n tún fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ilé wa ní Atlanta, wọ́n kì í dá jáde torí wọ́n ń bẹ̀rù kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ yẹn wọ́n dá lọ síta, wọ́n lọ wo adágún omi tó wà nítòsí, wọ́n dá padà wá, wọ́n dá ṣílẹ̀kùn wọlé. Torí ìyẹn nìkan, mi ò kábàámọ̀ dọ́là 35 yẹn.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kejì

Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn pápá Disney. October 1, 1971 ni wọ́n ti ṣí i, ó ju ọmọ ọdún àádọ́ta lọ, ọjọ́ yẹn ó wá dà bíi pé gbogbo èèyàn tí wọ́n ti bí látìgbà yẹn ló wà níbẹ̀. Oòrùn Florida kì í ṣe ti Abẹ́òkúta o, tiwọn lómi nínú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára ni.

Ẹnu géètì, òpó kúkúrú kan wà tó ní róbótó lórí pẹ̀lú etí Mickey méjì, ibẹ̀ lẹ máa fi báńdì kàn, lẹ́yìn náà ẹ tẹ ìka mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ kọjá. Èmi kọjá. Ó kan Màmá, ìka wọn kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ o, ìka yẹn ni. Ogójì ọdún ni Màmá fi ń ti ọwọ́ bọ inú aró, ọmọ aláró Ìtòkú ni wọ́n, gbogbo ìlà ìka wọn ti fẹ́lẹ́, nílé pàápàá, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n tẹ̀ka, wàhálà ni. Mo ti ń múra láti ṣàlàyé gígùn, ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kàn ní kí wọ́n mú ID tó ní fótò wá, ó wò ó, ó ní ẹ kú ọjọ́ o, ó tán. Màmá ní, "Ó mọ ọ̀wọ̀."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí nǹkan yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ bí Dáddy wọn ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lórí láìnì, torí àlàyé ló fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe. Kò sí orúkọ yín nínú báńdì, kò sí nọ́ńbà káàdì yín. Nọ́ńbà kan ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló máa tọ́ka sí fáìlì yín lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀nà méjì ló ń gbà sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ni ti ìfọwọ́kàn, ẹ gbọ́dọ̀ sún un mọ́ etí Mickey dáadáa kó tó gbọ́. Ìkejì ni ti òkèèrè, rédíò kékeré ni, ẹ̀yin ò ní ṣe nǹkan kan, ẹ kàn ń kọjá ni, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri á ti mọ̀ pé nọ́ńbà báyìí ló ń lọ. Ó ní bí ẹ bá gba káàdì dípò báńdì, ti ìfọwọ́kàn nìkan ló máa ń ní, kì í sọ̀rọ̀ láti òkèèrè.

Mo gbọ́, mo ní òkéè, mo gbàgbé. Àfìgbà táa jáde nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ní àwọn bèbí kéékèèké tó ń kọrin. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn sikirínì kan wà tó ń kí èèyàn pé ó dàbọ̀. Orúkọ Màmá yọ lójú ẹ̀. Orúkọ ìsàmì tó wà nínú páspọ́ọ̀tì wọn ni, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Màmá di apá mi mú.

"Ta ló sọ fún wọn?"

Ọmọ ọdún méje ń fò sókè pé Grandma ẹ wo orúkọ yín, ẹ wo orúkọ yín! Màmá ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bínú. Wọ́n kàn fa ọwọ́ aṣọ wọn wálẹ̀ bo báńdì yẹn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí táa fi jẹun ọ̀sán.

Ohun tí mo kíyè sí lára àwọn ọmọ ni pé ojú wọn kì í kúrò lọ́wọ́. Àwọn ère wúrà kan wà káàkiri pápá, láti ìgbà àyẹyẹ àádọ́ta ọdún ni, bẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ sí i, báńdì á gbọ̀n, á tanná, ère náà á fọhùn. Ọmọkùnrin mi wá ṣe é bí iṣẹ́ ìjọba, ère kan ò gbọ́dọ̀ kọjá lára ẹ̀. Kò wo ilé ńlá tó wà lókè rárá. Lálẹ́, nígbà tí wọ́n yin iná aláràbarà sójú ọ̀run, gbogbo báńdì inú èrò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn pọ̀, búlúù, péépù, búlúù. Ó rẹwà o, mi ò ní purọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ nínú òkùnkùn. Mo ṣáà rí i pé ìdajì àwọn ọmọ tó wà níwájú wa ń wo ọwọ́ ara wọn dípò òkè.

Láìnì ti èèyàn lásán àti láìnì ti ẹni tó sanwó kún owó wà níbẹ̀, Genie+ ni wọ́n ń pe ìyẹn nígbà náà, iye ẹ̀ máa ń yí padà lójoojúmọ́ bíi dọ́là lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. A ò ra á lọ́jọ́ yẹn. Lórí láìnì gígùn ni Màmá ti bá ìyá kan láti Puerto Rico pàdé, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn rárá, àmọ́ abẹ̀bẹ̀ kan náà làwọn méjèèjì fi ń fẹ́ra, nígbà táa fi débẹ̀ ìyá yẹn ti fi fótò ọmọ-ọmọ ẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà han Màmá.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta

Epcot, pápá Disney míì. Skyliner la wọ̀ lọ, àpótí tó ń fi wáyà rìn lókè. Màmá di ojú títí táa fi sọ̀ kalẹ̀. Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló ní ilé yípo adágún níbẹ̀, Màmá ń bi mí ní gbogbo ìgbà, tiwa ńkọ́, tiwa ńkọ́. Mo ní Morocco rèé, Áfíríkà ni. Wọ́n ní àwọn ò bi mí ní ti Morocco. Láàárín China àti Jámánì, ìsọ̀ kékeré kan wà tó ní àwọn ìlù Áfíríkà níta, ó tán. Ọmọkùnrin mi lù ú díẹ̀. Màmá ní kí wọ́n gbé e fún òun, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń lù ú nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn lọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ni owó.

Nígbà tí mo ń ṣe check-in sí òtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù, wọ́n bi mí ta ni mo fẹ́ kó lè fi báńdì rajà, mo ní gbogbo wa. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mi ò lẹ́jọ́. Mo ro ó pé bí Màmá bá fẹ́ mu omi, kí wọ́n má baà máa wá mi kiri. PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin mi torí òun àti Màmá ni wọ́n jọ máa ń rìn. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá rà á lọ sórí yàrá, yàrá á lọ sórí káàdì mi.

Aago mọ́kànlá alẹ́, ẹsẹ̀ mi wà nínú omi gbígbóná, mo ṣí áàpù. Dọ́là 386 àti sẹ́ǹtì 42. Ọjọ́ méjì.

Mo pe ọmọbìnrin mi jáde sí kọ́rídọ̀. Mo ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ. Ó ní "Mummy, it's not me o." Ó ka tiẹ̀ fún mi, ó jẹ́ dọ́là 61, fìlà etí Mickey kan, pín-ìn-nì aláwọ̀ méjì, áísíkiriìmù. Mo ní ìyókù ńkọ́? Ó dákẹ́. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá.

Màmá ni.

Màmá tó jẹ́ pé ní Ìtòkú, wọ́n lè dúró láti àárọ̀ dé ọ̀sán lórí náírà igba, tí wọ́n á bínú lọ, tí wọ́n á padà wá, tí wọ́n á tún bínú lọ. Kíhóódà méjìlá fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ọjà. Fìlà mẹ́ta. Aṣọ ìnura tó ní àwòrán ẹja. Ife mẹ́fà. Bèbí kan tí mi ò mọ ẹni tó ni ín. Màmá á mú ọjà, wọ́n á gbé ọwọ́ sí etí Mickey, ọmọ mi á tẹ PIN, iná á tàn, ọmọ tó ń tajà á rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n á sọ ọ́ sínú ọ̀rá. Nígbà tí mo rọra bi wọ́n (ìyá ọkọ mi ni o, ẹnu ò gbọdọ̀ gbóná), wọ́n wò mí bíi pé orí mi ti yí.

"Ìyàwó mi, mi ò rí owó kan lọ́wọ́ mi látọjọ́ táa ti dé. Báwo ni mo ṣe ná an?"

Mi ò rí èsì fún ìbéèrè yẹn. Wọn ò rí owó, wọn ò ka owó, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ iye, wọn ò sì ná an ní nǹkan kan. Èmi náà tí mò ń bínú yìí, mo yẹ ti ara mi wò, mo ti fi ọwọ́ ra kọfí ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọjọ́ méjì. Ní Atlanta, mi ò ra kọfí níta rí láyé mi, inú fláàsì ni mo ń gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Alẹ́ yẹn náà la rí i pé a gbàgbé wáyà ṣáàjì sílé. Báńdì ò gbọ̀n mọ́, kò tanná mọ́. Mo ní ó tán, a máa sùn síta lọ́la. Ó ṣì ṣílẹ̀kùn! Dáddy wọn ní ti ìfọwọ́kàn yẹn ò lo bátìrì, ara ẹ̀rọ ilẹ̀kùn ló ti ń fa agbára.

Túsìdé, ọjọ́ kẹrin

Òjò. A ò lọ síbì kankan. Àwọn ọmọ lọ luwẹ̀ẹ́ láàárín òjò méjì.

Mo lọ sí ìsàlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi yọ ọjà rírà kúrò lórí báńdì Màmá àti ti ọmọ mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo fún Màmá ní dọ́là 40 lówó tútù, tẹ́ẹ́ntẹ́ẹ́n mẹ́rin, wọ́n ká a sínú aṣọ, wọ́n so ó.

Dáddy wọn sọ fún mi pé ní 2013 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí, ìròyìn fi hàn pé ó tó bílíọ̀nù dọ́là kan tí Disney ná sí i, àti báńdì, àti àwọn ẹ̀rọ tó ń kà á, àti kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn ẹ̀, àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo gbogbo yàrá ẹ̀. Ní January ọdún yẹn, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Ed Markey kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn, Bob Iger, pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìsọfúnni ọmọdé ṣe. Iger fèsì pé kò sí tipátipá nínú ẹ̀, ẹni tí ò bá fẹ́ ò ní wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹnikẹ́ni ò fi tipá so ó mọ́ wa, dọ́là 35 la fi ra ìkọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, kí n tó fún aláìsàn ní oògùn kan, màá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka báńdì ọwọ́ ẹ̀, kí n má baà fún ẹlòmíì ní oògùn ẹni ẹlẹ́ni. Iṣẹ́ tó dáa ló ń ṣe. Àmọ́ mi ò tíì rí aláìsàn kan tó fẹ́ràn báńdì yẹn. Bí dókítà bá ti ní kó máa lọ sílé, ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni sísọ́ọ̀sì. Àwọn míì á fi eyín já a. Mo wá jókòó ní lọ́bì òtẹ́ẹ̀lì yìí, mò ń wo àwọn àgbàlagbà tó ra báńdì mẹ́rin, mẹ́rin, kó lè bá aṣọ wọn mu.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ karùn-ún

Volcano Bay, ti Universal nìyẹn, pápá omi ni, 2017 ni wọ́n ṣí i. Òkè ayédèrú kan wà láàárín tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà igba, omi ń dà látorí ẹ̀. Tiwọn náà ní báńdì, TapuTapu lorúkọ ẹ̀, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì dá a padà tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Ti ibí yàtọ̀ pátápátá. Láìnì ni báńdì yìí ń jẹ́. Ẹ dé ìdí ráìdì, ẹ fi ọwọ́ kan òpó, á sọ fún yín pé ẹ padà wá ní aago báyìí. Ẹ lè lọ jẹun, ẹ lè lọ sùn. Bí àkókò bá tó, á gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Ìkan ṣoṣo lẹ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Orúnkún mi dúpẹ́. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́, èmi tí mo ń dúró wákàtí méjìlá níbi iṣẹ́, ẹ gbé láìnì kúrò lọ́rùn mi, ẹ ti ṣe mí lóore. A dùbúlẹ̀ sórí róbà nínú odò tó ń rọra ṣàn yípo. Ọmọkùnrin mi rí ibì kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi báńdì kàn án, omi á tú jáde sára ẹni tó bá ń kọjá lọ lórí omi, ó dúró síbẹ̀ ó ju ààbọ̀ wákàtí lọ, ó ń fi omi na àwọn òyìnbó, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Màmá jókòó lábẹ́ ibòòji pẹ̀lú ìwé wọn. Lọ́sàn-án mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń gbádùn. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ lónìí."

Mo wò yíká. Lóòótọ́, gbogbo èèyàn ń rìn ni, ẹnikẹ́ni ò dúró ti ẹnikẹ́ni, bí ẹnì kan bá sì dúró, ọwọ́ ẹ̀ ló ń wò. Ìyá Puerto Rico ọjọ́ Sọ́ńdè, níbo làwọn méjèèjì ìbá ti pàdé níbí? Mo fẹ́ jókòó ti Màmá, ká jọ sọ̀rọ̀. Báńdì mi gbọ̀n. Mo dìde, mo lọ. Inú odò ni mo ti rántí ohun tí mo ṣe.

Ní géètì, ọmọ tó ń gba báńdì na apẹ̀rẹ̀ sí wa. Màmá ju tiwọn sínú ẹ̀ kí n tó sọ nǹkan kan.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹfà

Ilé ti yá. Ọmọkùnrin mi ò jẹ́ ká bọ́ MagicBand ẹ̀, ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwé. Mo bọ́ tèmi nínú ọkọ̀, àpá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, awọ ibẹ̀ pupa ju ìyókù lọ. Màmá ti tú tiwọn láti àárọ̀, ó wà nínú báàgì wọn pẹ̀lú kíhóódà méjìlá.

A wọ Georgia, a dúró níbì kan tí wọ́n ti ń ta èso pecan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní kí n sanwó, Màmá ní rárá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n tú ìdí aṣọ, wọ́n mú tẹ́ẹ́ntẹ́ẹ́n kan jáde, wọ́n gbé pecan kan sókè, wọ́n fi imú gbóòórùn ẹ̀, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n gbé òmíì. Wọ́n ń bá ọkùnrin yẹn ná an ní Yorùbá, òun ń dá wọn lóhùn ní òyìnbó, ó ṣáà dín dọ́là kan kúrò. Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, wọ́n da ṣéńjì sórí itan, wọ́n ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń bi ọmọ-ọmọ wọn, èyí mélòó nìyí, èyí ńkọ́, títí a fi dé Macon.